Àwọn Bẹ́líìtì Tí Ìyá Fọ̀

Túnráyọ̀ ti pọn omi kún báàfù ńlá kan, ó sì ń ri awò omi bọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Awò omi ni àwọn tó bá fẹ́ wo ìsàlẹ̀ odò máa ń dè mọ́ ojú àti imú kí omi má baà ta sí wọn lójú. Ọ̀pá ìmí tó bá a rìn tẹ̀ bí ọwọ́ agboòrùn. Ẹnu ni wọ́n fi ń gé e mú, orí rẹ̀ á yọ sókè omi, ènìyàn á sì máa mí láìgbé ojú sókè. Túnráyọ̀ kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun dán wọn wò. Òun fúnra rẹ̀ ló ń de awò mọ́ ojú, tó ń ti orí bọ báàfù, tó ń mí, tó ń dúró bóyá omi á wọlé. Èyí tí omi bá wọ̀, á tú rọ́bà rẹ̀, á tún un tò, á tún orí bọ omi. Èyí tí kò bá gbọ́ àtúnṣe, á bọ́ gbogbo ohun tó ṣì wúlò lára rẹ̀, á kó o sínú agolo mílíìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Irun rẹ̀ ti rin, bùláòsì rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn láyà, kò kà á sí.

Kò sí ohun tó ń bí obìnrin yìí nínú tó kí wọ́n fi nǹkan ṣòfò. Ẹni tó bá fi omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa dà nínú ilé wọn ní Bódìjà, ì báà jẹ́ àlejò, á gbọ́ ohùn rẹ̀. Iná tó ń jó nínú yàrá tí kò sí ènìyàn, oúnjẹ tí wọ́n bù tí wọn kò jẹ, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n sọ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ló ń dùn ún bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀la ni iṣẹ́. Àwọn olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni kan ní Agbowó fẹ́ fi ọjọ́ kan gbádùn ara wọn, wọ́n sì ti gba Túnráyọ̀ àti ọkọ rẹ̀, Gbọ́láhàn, ní afinimọ̀nà. Ibi tí wọ́n ń kó ènìyàn lọ ni kòtò ńlá kan lẹ́yìn Ìdó, tí àwọn afọ́kùúta fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe tán níbẹ̀. Òjò ọdún lé ọdún ti sọ ọ́ di adágún. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, omi rẹ̀ á mọ́ gaara, ènìyàn á máa rí epìyà tí ń rìn lórí àpáta nísàlẹ̀. Wọ́n ta wáyà kan láti orí àpáta ọ̀tún, ó kọjá lórí omi, ó dé ti òsì. Ẹni tó bá fẹ́ gun wáyà, wọ́n á dè é sínú bẹ́líìtì ìsorọ̀ tó gbá itan méjèèjì àti ìbàdí mú, wọ́n á fi ìkọ́ onírin so ó mọ́ wáyà, á sì yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lójú òfuurufú títí á fi gúnlẹ̀ ní òdìkejì. Bẹ́líìtì yẹn nìkan ló wà láàárín òun àti àpáta ìsàlẹ̀.

Nígbà tí Túnráyọ̀ parí awò omi, ó fi aṣọ nu orí, ó lọ sí yàrá ẹrù láti kó àwọn bẹ́líìtì jáde. Ìṣó tí ó máa ń fi wọ́n kọ́ ṣófo. Ó wo abẹ́ tábìlì. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Akoto wà níbẹ̀, ẹ̀wù ìléfòó wà níbẹ̀, bẹ́líìtì kò sí.

Ibi tó dúró sí ni afẹ́fẹ́ ti gba ojú fèrèsé mú òórùn kan wá bá a. Ó mọ òórùn náà. Bílíìṣì ni.

Ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo àwọn bẹ́líìtì náà ló wà lórí okùn ìsáṣọ nínú oòrùn, méjèèjìlá, wọ́n tò tẹ̀léra bí aṣọ ọmọ ìkókó. Pupa fòò ni wọ́n nígbà tí ó kó wọn pamọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọ̀ wọn ti ṣá báyìí, ó ti rí bí ẹran tí wọ́n bọ̀. Lábẹ́ wọn ni ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó lé àpótí, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀.

"Ìyàwó, o ti rí wọn?" ni Ìyá wí, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Wò ó bí wọ́n ṣe ń dán. Aṣọ ọ̀gá dókítà kò mọ́ tó báyìí."

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹnu Túnráyọ̀ ló sọ ọ́, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó fa ọ̀kan sún mọ́ imú. "Kí ni ẹ fi fọ̀ wọ́n, mà?"

"Kí ni wọ́n fi ń fọ ohun tó bá dọ̀tí? Ọṣẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Omi tó jáde lára wọn, àfi bí omi aró! Mo wá da bílíìṣì sí báàfù, mo rì wọ́n sínú rẹ̀ láti àná. Òógùn itan oríṣiríṣi ènìyàn, ẹ ó kàn mú un fún ẹlòmíràn pé kó wọ̀ ọ́. Ṣé ojú kì í tì yín ni?"

"Láti àná, Ìyá?"

"Láti àná. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo gbé báàfù sí kí o má baà rí i. Mo fẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu."

Obìnrin arúgbó yìí kò ṣe é pẹ̀lú èrò ibi. Ilé ìfọṣọ ilé-ìwòsàn kan ní Ọ̀wọ̀ ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Gbogbo ohun tó bá ti kan ara aláìsàn, inú bílíìṣì ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó kan ara ẹlòmíràn. Ohun tó fi tọ́ ọmọ nìyẹn, ohun tó sì gbà gbọ́ nìyẹn. Àmọ́ kì í ṣe inú rere nìkan ló wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wá ṣọdún Kérésì tí kò tíì padà sílé ló ti ń rí ìdọ̀tí nínú ilé ìyàwó ọmọ rẹ̀: ìdọ̀tí abẹ́ ìkòkò, ìdọ̀tí etí fèrèsé, ìdọ̀tí ọrùn Ìrètí ọmọ wọn. Báàfù tó gbé pamọ́ yẹn, ẹ̀bùn ni, èébú sì ni.

Túnráyọ̀ yí etí bẹ́líìtì kan síta, ó wá aṣọ pélébé tí àwọn tó ṣe é rán mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ya àmì sí pé bílíìṣì kò gbọdọ̀ kàn án. Aṣọ pélébé náà ti funfun báláú. Àmì ti lọ, nọ́ńbà ti lọ, ọdún tí wọ́n ṣe é ti lọ.

Okùn tí wọ́n fi hun bẹ́líìtì wọ̀nyí kì í ṣe òwú, oríṣi náílọ́ọ̀nù kan ni. Bí bílíìṣì bá ti jẹ ẹ́, kì í fi hàn lójú. Ó lè gbé ènìyàn lónìí, kó gbé e lọ́la, kó wá já lọ́túnla lọ́wọ́ ẹni tó fúyẹ́ jù nínú wọn. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, òfin tí wọ́n fi kọ́ ọ kò ní àmọ́ kankan nínú: bẹ́líìtì tí bílíìṣì bá ti kàn, kò sí pé à ń wò ó, kò sí pé à ń dán an wò. Gígé ni, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì lò ó mọ́. Méjèèjìlá! Òun tó ń ṣẹ́ rọ́bà awò pamọ́ sínú agolo!

"Ẹnu rẹ ti wọlé lọ," ni Ìyá wí. "O kò tilẹ̀ lè kí mi kú iṣẹ́ dáadáa."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí Bàbá Ìrètí dé."

Gbọ́láhàn dé láti Ṣàngó pẹ̀lú àwọn omi inú ike tí wọn yóò kó lọ. Túnráyọ̀ kò jẹ́ kó sọ ẹrù kalẹ̀ tán kó tó fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ dé ìdajì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn wò bóyá ìyá òun ń gbọ́.

"Rọra sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀mí ènìyàn ni mò ń sọ, ẹ ní kí n rọra."

"Mo ní kí o rọra, n kò ní kí o dákẹ́." Ó lọ já bẹ́líìtì kan lórí okùn, ó wọ̀ ọ́, ó so ó mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé, ó ká ẹsẹ̀ sókè. Ẹ̀ka náà tẹ̀. Bẹ́líìtì kò ṣe nǹkan kan. Ó ń fì síhìn-ín, ó ń fì sọ́hùn-ún bí ọmọdé, ó tún fò lórí rẹ̀. "Wò mí! Nínú àwọn tíṣà yẹn, ta ló tóbi tó mi? Ó já ni?"

Ìyá pàtẹ́wọ́ láti orí àpótí. "Gbọ́láhàn, má ṣẹ́ igi lulẹ̀ o!"

"Kò já," ni Túnráyọ̀ wí. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Nígbà tí kò já ńkọ́?"

"Ilẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín níbẹ̀ yẹn. Ẹ ti mọ̀ pé bó bá já, ìdí yín nìkan ló máa dùn yín. Ta ni ẹ máa sọ fún lọ́la pé kó fi tirẹ̀ dán an wò lókè àpáta?"

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó sún mọ́ aya rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá Ìrètí, gbọ́ mi. O mọ bí ìbàdí ṣe ń dun Màmá. Orí báàfù yẹn ló ti tẹ̀ láti àná, wọ́n sì gbé omi fúnra wọn. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Pé wọ́n ba iṣẹ́ wa jẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́. Jẹ́ kí á lò wọ́n lọ́la nìkan. Lọ́la nìkan ṣoṣo. Bí a bá ti dé, màá fọgbọ́n kó wọn sọ nù, Màmá kò ní mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ló wá burú jù lójú Túnráyọ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá ní wọn kò bàjẹ́, àìmọ̀ ni, wọ́n lè bá a ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ó gbà pé ó yẹ kí wọ́n sọ wọ́n nù, ó sì fẹ́ kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ kọ́kọ́ fi wọ́n gun wáyà.

"Bàbá Ìrètí, ẹ tún un sọ."

Gbọ́láhàn yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Túnráyọ̀ wọlé lọ gbé fóònù. Kabir kan wà ní Abẹ́òkúta tó ń ṣe irú iṣẹ́ wọn, wọ́n sì máa ń yá ara wọn ní nǹkan. Kabir bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun náà ní àwọn àlejò lọ́la, gbogbo bẹ́líìtì òun pátá ló wà lẹ́nu iṣẹ́, bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, òun ì bá fi ọwọ́ ara òun gbé wọn wá. Túnráyọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó díẹ̀, ó pinnu: lọ́la, omi nìkan ni, kò sí wáyà.

Nígbà tó fi máa padà sí ẹ̀yìnkùlé, okùn ìsáṣọ ti ṣófo.

Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gba iwájú ilé lọ tààrà síbi tí bọ́ọ̀sì wọn wà, ó ṣí búùtù. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ti dì wọ́n dáadáa lábẹ́ àwọn akoto, wọ́n tún fi táńpólì bò wọ́n. Ó gbá táńpólì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ń wọ́ wọn jáde, ó ń jù wọ́n sórí sìmẹ́ǹtì, irin ara wọn ń dún gbì, gbì.

"Túnráyọ̀!" Gbọ́láhàn ti ń sáré bọ̀. Bó bá ti pè é lórúkọ, ìbínú ni. "Ta ló ní kí o tú ẹrù tí mo ti dì?"

"Ta ló ní kí ẹ dì í?"

"Èmi ni ọkọ ilé yìí!"

"Ẹ fi ìyẹn dá ẹni tó bá já bọ́ sórí àpáta dúró."

Ohùn wọn ti pe àwọn tó wà nínú ilé jáde. Ìyá ń rọra bọ̀, ọwọ́ kan ní ìbàdí, páálí rẹ̀ ní ọwọ́ kejì. Ọmọ́fẹ́, àbúrò Gbọ́láhàn, yọjú láti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ tó kọjú sí títì, téèpù ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ́fẹ́ náà ń lọ lọ́la. Kò gun wáyà rí. Ó ti rán ṣòkòtò sí i, ó sì ti wọ̀ ọ́ fi han gbogbo oníbàárà tó bá wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀.

"Kí ló dé? Ìyàwó wa, ta ló kú?"

"Kò tíì sí ẹni tó kú, Àǹtí mi. Ohun tí mò ń bá wọn fà nìyẹn."

Túnráyọ̀ ti wọ ilé ìdáná lọ mú ọ̀bẹ jáde. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ bẹ́líìtì kan mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ. Ọ̀bẹ náà ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ó rẹ́ ẹ, ó rẹ́ ẹ, kò ju ojú ìlà tín-ín-rín lọ. Gbọ́láhàn bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn.

"Ṣé o rí i? Ohun tí o ní ó ti bàjẹ́, ọ̀bẹ gan-an kò rí i gbé ṣe!"

"Ọ̀bẹ yín ló kú."

"Gígé?" Ìyá ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó wo ọ̀bẹ, ó wo ilẹ̀. "Ohun tí mo fọ̀, ẹ ń gé e?"

Gbọ́láhàn ní, "Màmá, ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́."

"N kò wọlé. Ìyàwó, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Túnráyọ̀ sọ ọ̀bẹ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. "Ìyá, ẹ má bínú. Bílíìṣì kì í kan nǹkan wọ̀nyí. Ó ti jẹ wọ́n nínú, bí wọ́n tilẹ̀ dára lójú. Wọ́n lè já lókè pẹ̀lú ènìyàn. N kò lè tún wọn ṣe, mi ò sì lè fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó sì yí sí Gbọ́láhàn.

"Ṣé o gbọ́? Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí, mi ò rí ohun tí ìyàwó yìí sọ nù rí. Rọ́bà àlòkù, inú agolo. Ọ̀rá búrẹ́dì, abẹ́ ìrọ̀rí. Ìwọ̀nba ọṣẹ tó kù lọ́wọ́, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ tuntun. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ọwọ́ mi fọ̀, òun ló fẹ́ sọ nù lónìí! Kì í ṣe bílíìṣì ló ń gé. Èmi ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Túnráyọ̀ lára. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí Ìyá fi gbè é lẹ́yìn ni òótọ́. Kí ló fẹ́ fi hàn án? Aṣọ pélébé tó ti di funfun? Gbọ́láhàn tó fì lórí igi tí kò já? Kò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́. Òfin nìkan ló ní, àti ojú àpáta yẹn tó mọ̀ dáadáa.

"Kì í ṣe ẹ̀yin, Ìyá."

"Èmi ni." Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá káṣọ rẹ̀ pọ̀, ó sì jókòó gbagidi sórí òkìtì bẹ́líìtì náà. "Ó yá. Gé mi pọ̀ mọ́ ọn. Lọ́la, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ dè mọ́ wáyà yín. Bó bá máa já, kó já pẹ̀lú mi, kí ilé yìí sì sinmi."

"Màmá!" Gbọ́láhàn di orí mú.

"Má fọwọ́ kàn mí!"

Aládùúgbò kan ti dúró lẹ́nu géètì, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Túnráyọ̀ wà lórí eékún. Kò sí ìyàwó ilé tó lè gbé ọwọ́ lé ìyá ọkọ láti fà á dìde, Gbọ́láhàn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti ń mí kanlẹ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọmọ́fẹ́ wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ. Nígbà tó jáde, àlùmọ́gàjí ńlá rẹ̀ ló mú lọ́wọ́, èyí tó fi ń gé léèsì. Gbogbo ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló mọ̀ pé àlùmọ́gàjí yẹn kì í gé bébà, kì í gé rọ́bà. Ẹni tó bá fi gé okùn lásán, kó máa lọ sílé baba rẹ̀. Ó nà án sí Túnráyọ̀.

"Gbà. Á bà á jẹ́, mo mọ̀. Má wò mí bẹ́ẹ̀, gbà á."

"Ọmọ́fẹ́, ìwọ náà?" ni Ìyá wí.

"Ìyá, ta ni ẹ rò pé ó ń gùn ún lọ́la? Kì í ṣe èmi ọmọ yín ni? Ẹ wo ṣòkòtò tí mo rán. Inú ń bí mi sí yín débi pé mo lè sunkún! Ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí lẹ ì bá ti bi léèrè kí ẹ tó da bílíìṣì sí báàfù!"

"Mo fẹ́ kó yà wọ́n lẹ́nu..."

"Ó ti yà wá lẹ́nu."

Túnráyọ̀ gba àlùmọ́gàjí. Ó wo Ìyá tó jókòó, ó wo àwọn bẹ́líìtì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì rí i pé òun kò nílò kí Ìyá dìde. Okùn itan wọn yọ jáde yí ìdí Ìyá ká bí ẹsẹ̀ akàn. Ibi yòówù kí wọ́n ti gé bẹ́líìtì, kò wúlò mọ́.

Kò dìde. Orí eékún náà ló wà tó fi fa okùn kan, ó ṣí àlùmọ́gàjí, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Okùn náà já.

"Ẹ má bínú, Ìyá."

Ó fi eékún sún. Ó fa òmíràn, ó gé e.

"Ẹ má bínú, Ìyá."

Ìyá gbé páálí tó fi ń fẹ́ ara rẹ̀, ó gbá a léjìká. Páálí kì í dunni; ohun tó wà nínú gbígbá náà ló dunni. Túnráyọ̀ kò gbé orí sókè. Ó sún, ó gé, ó tọrọ àforíjì, ohùn rẹ̀ le bí ohùn ẹni tó ń ka ẹ̀sùn síni lọ́rùn. Gbọ́láhàn bọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba àlùmọ́gàjí. Ọmọ́fẹ́ dúró sáàárín, ó ká apá, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú.

"Bùọ̀dá, ẹ dán an wò."

Kò dán an wò.

Bí Túnráyọ̀ ṣe ń yí Ìyá po nìyẹn, lórí eékún, lórí sìmẹ́ǹtì gbígbóná. Ìnira ni gbogbo gígé náà jẹ́ fún un. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n kó wọn dé, bí ó ṣe ń fi aṣọ rírọ̀ nù wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí kì í ti jẹ́ kí oòrùn pa wọ́n. Èyí tí ó fẹ́ràn jù, tí òun fúnra rẹ̀ máa ń wọ̀, ó mọ̀ ọ́n lára ìránpọ̀ rẹ̀. Ó gé e bí àwọn yòókù. Ibi tí okùn ti nípọn, ó ń fi gbogbo ara tẹ àlùmọ́gàjí títí àtàǹpàkò rẹ̀ fi bó.

"Ó ku ọ̀kan, Ìyá. Abẹ́ yín gan-an ló wà."

Ìyá kò mira. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò sí omi nínú rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ okùn tó wà nílẹ̀ káàkiri, ó wo Ọmọ́fẹ́. Ó wo Ọmọ́fẹ́ pẹ́. Nígbà tó ṣe, ó gbé ìdí sókè díẹ̀ sí apá kan, bí ẹni tí ibi tó jókòó sí kò rọ̀ mọ́, ó sì yí ojú sí ọ̀nà géètì. Túnráyọ̀ fa èyí tó kù jáde, ó gé e sí méjì.

Fóònù ń dún. Latifah ni, aṣáájú àwọn olùkọ́.

"Màdáàmù, ẹ kú ìmúra o! A kò lè sùn mọ́, wáyà yẹn ni gbogbo wa ń sọ ní staff room!"

"Latifah, kò sí wáyà lọ́la. Bẹ́líìtì wa ti bàjẹ́, mo ti gé gbogbo wọn. Omi wà, awò wà, ẹ̀wù ìléfòó wà. Ẹni tí kò bá fẹ́ omi nìkan, kó sọ, kó gba owó rẹ̀ padà."

Latifah gbaná jẹ. "Kí lẹ ń sọ? Lónìí ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀? Àwọn kan ti ra bàtà nítorí wáyà yìí! Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Ẹ ti sọ mí di òpùrọ́ lójú gbogbo ènìyàn!"

"Ẹ má sọ nǹkan kan fún wọn. Mò ń bọ̀ ní Agbowó báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó dúró, kó bú mi lójú."

Ó pa fóònù. Ó wá àpò ìrẹsì kan, ó ń ṣa àwọn okùn gígé sínú rẹ̀, títí kan irin wọn, nítorí bílíìṣì ti mú àwọn náà. Ọmọ́fẹ́ na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀, ó fà á dìde. Ìyá gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù bí ó ti dìde tán, ó dá rìn wọlé. Túnráyọ̀ ṣa èyí tó wà níbi tó jókòó sí. Ó fi ọwọ́ nu àlùmọ́gàjí, ó dá a padà. Ẹnu àlùmọ́gàjí náà ti ká.

"Màá ra òmíràn fún yín, Àǹtí mi."

"Gbé ẹnu kúrò níbẹ̀," ni Ọmọ́fẹ́ wí, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Túnráyọ̀ pààrọ̀ bùláòsì, ó de orí, ó jáde. Gbọ́láhàn jókòó sórí àbáwọlé, kò wò ó.

"Màmá ń di ẹrù," ni ó wí. "Wọ́n ní àwọn ń lọ sí Ọ̀wọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Ṣé ó ti tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí?"

"Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lọ, wọ́n á délé láàyè. Àwọn tí mò ń kó lọ lọ́la náà, wọ́n nílé."

Túnráyọ̀ gbé àpò ìrẹsì náà dání kí àwọn olùkọ́ lè fi ojú ara wọn rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó wúwo ju bó ṣe rò lọ, irin inú rẹ̀ ń lu ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó ti ń rìn. Aládùúgbò ẹnu géètì yà fún un lọ́nà. Túnráyọ̀ kí i ní kúkúrú, ó dá kẹ̀kẹ́ kan dúró, ó ju àpò sínú rẹ̀, ó ní Agbowó ni òun ń lọ, kí awakọ̀ má sì gba ọ̀nà tó jìn.